Ìbéèrè Tí N Kò Bi Í

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lọ́dún 2009. A ti ń palẹ̀ mọ́ ní yàrá ẹ́ksíréè, mo ti fi épúrọ̀nù olójé kọ́ sára ògiri, ni obìnrin kan bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dá a mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo ya ẹ́ksíréè ìbàdí fún un nítorí ó já bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ̀yìn sì ń ro ó. Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó. Ó na ìwé kan sí mi.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí. Wọ́n ní oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni.”

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ẹ́ksíréè yíyà ni mo kọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun, dókítà ni. Mo wo ìwé náà, mo ṣírò rẹ̀ nínú mi: mẹ́jọ, yọ mẹ́ta, ó ku márùn-ún. Ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì mi, tí mo ní kó mí kanlẹ̀ kó sì dá èémí dúró, àwọn méjì ló wà níbẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ta oògùn ló sọ fún òun pé ọmọ tí iná ẹ́ksíréè bá ti kàn nínú, abirùn ni wọn yóò bí i, kí òun tètè wá nǹkan ṣe sí i kó tó dàgbà. Ó ti ra oògùn náà. Ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi hàn mí: hóró mẹ́rin nínú ike funfun kékeré kan. Ọkọ rẹ̀ ló ní kó kọ́kọ́ wá bi wá kó tó gbé e mì.

Mo lọ sídìí dúróọ̀ tí a ń kó fọ́ọ̀mù sí, mo wá tirẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀, apá ibi tí a fẹ́ yà nínú ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, àyè kan wà tí ó yẹ kí n kọ ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn sí. Òfìfo ni. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, iná ń lọ ó ń bọ̀, mo sì fẹ́ ya gbogbo wọn tán kí iná tó tún lọ. N kò bi í.

Ohun tí obìnrin yìí kò mọ̀ ni pé èmi gan-an ń wá ọmọ. Ó ti di ọdún kẹta. Màámi ti ń pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n ti mú un dé ọ̀dọ̀ alágbo méjì, ó sì ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí dókítà kọ fún un. Ẹ́ksíréè wà nínú àwọn àyẹ̀wò náà, èyí tí wọ́n ń ti omi sínú ilé ọmọ kí wọ́n lè rí i bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà là tàbí ó dí. Wọn kì í ṣe é àfi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀, kí oyún tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ má baà wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá a ṣètò rẹ̀. Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka, mo tún kà á lórí kàlẹ́ńdà. Fún ìyàwó mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fún obìnrin tó dúró síwájú mi yìí, n kò ka nǹkan kan.

Èmi fúnra mi kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan nígbà yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nínú ọkàn mi, mo ti parí ẹjọ́: iṣẹ́ yìí ló ti jó àtọ̀ mi dànù, mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n fi ìwé sọ ọ́ fún mi ni. Mo jẹ́ kí ìyàwó mi máa ru ẹrù tí mo rò pé tèmi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí di òní.

Mo ní ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ọdún 2003 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni náà, ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Épúrọ̀nù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ńṣe ni wọ́n máa ń ká a bí aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ òjé inú rẹ̀ máa ń là bí a bá ń ká a. Ó yẹ kó máa wà lórí ìkọ́ ni. Nígbà tí mo gbé e sójú ẹ̀rọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí ojú sísán kan tó gùn tó ìka mi, gbọọrọ, ní abẹ́ ìdodo gan-an. Báàjì tó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa lẹ̀ mọ́ àyà, èyí tó ń ka iye ìtànṣán, ìyẹn iná ẹ́ksíréè, tó bá a, mẹ́rin ni mo bá nínú dúróọ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ní Nàìjíríà, NNRA, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2001, òfin tó dá a sílẹ̀ sì ti wà láti 1995, ṣùgbọ́n òfin wà lọ́tọ̀, ohun tí ọlọ́sibítù fẹ́ náwó lé wà lọ́tọ̀.

Báwọn ọmọdé bá wá, èmi ni mo máa ń dì wọ́n mú. Mo rántí ọmọ ọdún méjì kan tí wọ́n ní ó gbé owó ẹyọ mì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ejìká rẹ̀ mú, ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnì, ọwọ́ mi sì hàn kedere nínú fíìmù náà, egungun ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìhà ọmọ náà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìyá tàbí bàbá ọmọ ló yẹ kó dì í mú, kó wọ épúrọ̀nù, kó sì yọ ọwọ́ kúrò lójú iná, nítorí tiwọn lẹ́ẹ̀kan ni. Èmi tí mo ń ṣe é lójoojúmọ́ ni iye rẹ̀ ń pọ̀ lé lórí.

Wọ́n ní kí n máa mu mílíìkì. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ló ti gbọ́ ọ: mílíìkì ń fọ iná kúrò lára. Mo mu ún fún ọdún mẹ́fà. Oúnjẹ ni mílíìkì, kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìtànṣán. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọbìnrin nìkan ni ẹni tó ń ya ẹ́ksíréè ń bí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láìrí ọmọ rárá, ọ̀rọ̀ yẹn kò tiẹ̀ dẹ́rù bà mí mọ́, n bá ti gba ọmọbìnrin méjìlá pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọlọ́run ṣe é, ọ̀gá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá àgbà kan ni, wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọsibítù ìkọ́ni ńlá kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n wà nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jáde, wọ́n kí obìnrin náà, wọ́n ní kó jókòó, ó sì jókòó fún wọn. Wọ́n kọjú sí mi.

“Fíìmù mélòó lo yà?”

“Méjì ni, Ọ̀gá. Ọ̀kan bàjẹ́, mo tún un yà.”

“Mẹ́ta nìyẹn. Iye iná tí o fi yà á ńkọ́?”

Mo sọ ọ́. Wọ́n fa báírò yọ, wọ́n yí àpò fíìmù kan dojú dé, wọ́n ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: agbára iná, ìṣẹ́jú àáyá tó fi tàn, bí ara obìnrin náà ṣe nípọn sí, bí ilé ọmọ ṣe jìn sí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀ nítorí àgbà, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò gbọ̀n. Ó dé bíi milligray 5. Wọ́n fa ilà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mẹ́wàá, ká má baà tan ara wa jẹ.”

Milligray ni a fi ń wọn iye agbára tí ìtànṣán fi sílẹ̀ nínú ẹran ara. Ohun tí gbogbo àwọn tó ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí fẹnu kò lé lórí ni pé kó tó kan ọmọ inú débi tí yóò fi di abirùn, ó gbọ́dọ̀ tó milligray 100. Ọ̀gá kò kà á fún un bí ẹni ka ìwé. Wọ́n ní, “Ìyá, ohun tó kan ọmọ yín, ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti ń bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan rárá. Jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọ kéékèèké, ewu rẹ̀ lè fi díẹ̀ bíńtín ga sí i ju ti ọmọ mìíràn lọ. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bá bí láyé yìí, tí ìyá wọn kò tiẹ̀ rí ẹ́ksíréè sójú rí, bíi mẹ́ta á ṣì ní àbùkù kan lára. Ẹ́ksíréè yìí kọ́ ló máa fi tiyín kún wọn.”

Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé, bó bá jẹ́ ọmọ wọn ni òun, kí ni wọn yóò ní kí òun ṣe? Ọ̀gá ní, “Màá ní kó o lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún.” Wọ́n kọ lẹ́tà fún dókítà rẹ̀, wọ́n kọ 10 yẹn sínú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbàgbé ike funfun náà sórí tábìlì wa. Bóyá kò gbàgbé rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá sọ ohun kan fún mi tí mo lọ wá kà fúnra mi lẹ́yìn náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl bú gbàù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ìbẹ̀rù sáré ju ìtànṣán lọ. Ní Gíríìsì, tó jìnnà sí ibẹ̀ gan-an, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé oyún bí 2,500 tí àwọn ìyá fẹ́ bí ni wọ́n ṣẹ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọmọ á ya abirùn. Ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn ní odidi ọdún kò tó millisievert 1, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìtànṣán ṣe lè pa ara lára tó. Bí mo bá rántí ike yẹn, àwọn 2,500 yẹn ni mo máa ń rí.

N kò lè sùn lóru náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo sọ tèmi fún Ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: épúrọ̀nù tó là, àwọn ọmọ tí mo dì mú, àtọ̀ tí mo rò pé ó ti jó. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n bi mí pé, “Ìlú wo ni wọ́n ti bí bàbá rẹ?” Mo ní Ìṣẹ́yìn. “Ṣé wọ́n ń hun aṣọ nílé yín?” Mo ní bàbá àgbà mi ń hun ún. Wọ́n ní ó dáa, ó máa tètè yé mi.

Wọ́n ní kí n wo òwú tó já lórí òfì. Bí òfì bá dúró, ahunṣọ á rí i, á so ó, aṣọ á dára. Bó bá jẹ́ pé òfì ń sáré ni, kó tó rí i, àléébù náà á ti wọ inú aṣọ, á sì máa bá aṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó kóra jọ di ara wa, rí. Okùn tínńrín kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo bí a ó ṣe rí sí, DNA ni wọ́n ń pè é, fọ́nrán méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Ìtànṣán lè já a fúnra rẹ̀, ó sì lè fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì kí ègé omi tó fọ́ yẹn lọ já a. Bó bá já fọ́nrán kan, èkejì á jẹ́ àpẹẹrẹ tí sẹ́ẹ̀lì á fi tún un ṣe. Èyí ń ṣẹlẹ̀ lára wa lójoojúmọ́ láìsí ẹ́ksíréè kankan. Bí méjèèjì bá já lójú kan náà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Sẹ́ẹ̀lì á máa wá orí okùn tí yóò so, ó sì lè so orí èyí mọ́ ìdí tọ̀hún.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sáré jù lára ènìyàn, àwọn tó ń bí ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tó ń bí àtọ̀ wà níwájú. Mùdùnmúdùn inú egungun wa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tó tó bílíọ̀nù 200 lójúmọ́ kan. Kórópọ̀n kì í sinmi láti ìgbà tí ọkùnrin bá ti bàlágà. Ní 1906, àwọn ará Faransé méjì, Bergonié àti Tribondeau, ta ìtànṣán sí kórópọ̀n eku, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ló ń kú, àwọn tó ti dàgbà tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì dúró. Ìyẹn wà lára ohun tí ìtọ́jú tí wọ́n fi ìtànṣán ń ṣe fún jẹjẹrẹ dúró lé.

Ti obìnrin yàtọ̀, èmi kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa títí mo fi di ẹni ọdún 30 ó lé. Ẹyin obìnrin kì í tún ara rẹ̀ bí. Ọmọbìnrin ń wá sáyé pẹ̀lú ẹyin mílíọ̀nù kan sí méjì, nígbà tó bá fi máa bàlágà, bí 300,000 sí 400,000 ló kù, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò èyí tó bá kú. Nítorí náà, ìtànṣán tó bá kan kórópọ̀n lè dá àtọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, kó sì padà, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tó kù á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó bá kan ẹyin ti lọ ni.

Ọ̀gá wá fún mi ní iye. Milligray 100 lẹ́ẹ̀kan náà lè dín àtọ̀ kù fún ìgbà díẹ̀. Kí ọkùnrin tó yàgàn pátápátá, ó tó 6,000. Fún obìnrin, bí 3,000. Kí mùdùnmúdùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí 500. Wọ́n ní, “Mélòó ni ìwọ gbà?” Mo ní n kò mọ̀. “Lọ mọ̀ ọ́n.”

Lílọ mọ̀ ọ́n gba oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá kọ̀wé sí àwọn tó ni ọsibítù pé bí kò bá sí báàjì, àwọn kò ní wá mọ́, báàjì sì dé. A lò ó fún oṣù mẹ́ta kí a tó fi ránṣẹ́ fún kíkà. Tèmi jẹ́ millisievert 0.4. Fún ẹ́ksíréè, a lè ka millisievert àti milligray sí iye kan náà. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 20 lọ́dún kan bí a bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba. Bí mo bá ń gba 0.4 yẹn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó máa gbà mí ju 60 ọdún lọ kí n tó kó 100 jọ, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́fà tó ṣáájú ìyẹn ti sọnù. Kò sí ẹni tó lè ka iye tó wọ ara mi lẹ́yìn épúrọ̀nù tó là yẹn, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwọ tó ń ka èyí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ láìsí báàjì, má ṣe gbà á.

Mo fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ó dára. Mo fún wọn ní àtọ̀. Mílíọ̀nù 6 ni wọ́n kà nínú mílílítà kan, nígbà tó yẹ kó tó 20 pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìgbà náà. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún. Mo ní ohun tí mo sọ nìyẹn. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ló ní kí n dìde dúró, kí n wúkọ́, ó sì fi ọwọ́ kan iṣan tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti kórópọ̀n. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti wà kí n tó mọ ojú ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Kí àtọ̀ tuntun tó dé ojú ọ̀nà, bí ọjọ́ 70 sí 75 ni, nítorí náà ni wọ́n kò ṣe tún un kà àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ti gòkè. Ní 2011, a bí ọmọkùnrin, lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọbìnrin.

Kí ìyàwó mi tó bí, ìbéèrè mìíràn ló ń jẹ mí lọ́kàn: bí ọmọ bá wá, kí ni yóò jogún? Láti 1927 tí Hermann Muller ti fi ẹ́ksíréè yí àbùdá eṣinṣin inú èso padà, ayé ti mọ̀ pé ìtànṣán lè kọ nǹkan sínú irúgbìn tí ọmọ yóò jogún. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá a lára ènìyàn. Ní Hiroshima àti Nagasaki, níbi tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ní 1945, wọ́n yẹ ọmọ tuntun tó lé ní 70,000 wò láàárín 1948 sí 1954, àwọn ọmọ tí wọ́n lóyún wọn lẹ́yìn bọ́ǹbù. Wọn kò rí i pé àbùkù pọ̀ lára wọn ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ pé ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n ń bí yẹn gan-an, wọ́n wò ó. Nígbà tí wọ́n ka ọmọ tó pọ̀ tó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2021 ni mo tún ka ti Chernobyl: ọmọ 130 tí òbí wọn wà níbẹ̀, wọ́n ka DNA wọn àti ti òbí wọn látòkè délẹ̀, àyípadà tuntun tó wà lára wọn kò ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ. Gbogbo wa la ní irú àyípadà bẹ́ẹ̀, bí 60 sí 70, ohun tó sì ń mú un pọ̀ jù ni ọjọ́ orí bàbá.

Àwọn tí ìyà jẹ ni àwọn tí iná kàn fúnra wọn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín wọn kò pẹ́ sígbà náà. Àwọn tó wà nínú ìyá wọn lọ́jọ́ bọ́ǹbù náà, pàápàá tí oyún wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15, àwọn kan wà nínú wọn tí orí wọn kéré, tí ọpọlọ wọn kò sì dàgbà. Ìyẹn ni mi ò fi lè rí oyún bí ohun tí a lè ya ẹ́ksíréè lé lórí láìbèèrè, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní 2012 tí mo fẹ́ sọ. Ọsibítù ra ẹ̀rọ tuntun, àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sì wá gbé ògbólógbòó. Àwọn ará àdúgbò sá. Mo ní kí wọ́n padà wá: ẹ̀rọ ẹ́ksíréè tí a ti yọ kúrò lára iná mànàmáná, irin àti òjé àti òróró ni, kò sí ìtànṣán kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ mo sọ fún àwọn ọmọkùnrin tó wá gbé e pé bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí irin wíwúwo kékeré kan tí wọ́n ya àmì abẹ̀bẹ̀ olápá mẹ́ta sí lára, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Èyí kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Mo sọ ìtàn Goiânia fún wọn, bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, nílùú yẹn ní Bràsíl, àwọn méjì tú orí ẹ̀rọ kan nínú ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tà á fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Nínú rẹ̀ ni caesium-137 wà, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, ó ń tàn búlúù lálẹ́. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù náà pe ará àti ọ̀rẹ́ wá wòran. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà fi pa ara, ó sì fi ọwọ́ náà jẹun. Ìyàwó oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù náà ló kọ́kọ́ fura. Ó di nǹkan náà sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì gbé e lọ fún àwọn elétò ìlera. Ènìyàn bí 112,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, 249 ni wọ́n rí i lára wọn. Mẹ́rin kú, ọmọ náà àti ìyàwó náà wà nínú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi mọ ẹni tó burú jù. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà, límfósáìtì, ó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀: kì í sáré pín, síbẹ̀ òun ni ìtànṣán tètè ń pa jù. Láàárín ọjọ́ méjì, iye rẹ̀ á ti wálẹ̀, bó bá ṣe wálẹ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ bí ìyà ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó bá kù, wọ́n máa ń tọ́ wọn nínú ìgò fún wákàtí 48, wọ́n á dá wọn dúró níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín, wọ́n á tẹ́ wọn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn. Krómósóòmù, ìyẹn okùn DNA tó ká jọ, 46 ló yẹ kí ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbàdí kan, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dì í mú fà. Láàárín wọn ni mo rí ọ̀kan tó gùn, tó ní ìbàdí méjì. Okùn méjì ló já, wọ́n sì so ó mọ́ra wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá fẹ́ pín, ìbàdí kan á máa lọ sápá ọ̀tún, èkejì sápá òsì, á sì já. Mo dúró síwájú àwòrán náà títí wọ́n fi pa iná yàrá.

Àwọn nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà, àwọn kan kò sì dùn mọ́ mi nínú lákọ̀ọ́kọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi òjé bo abẹ́ ìdodo gbogbo ẹni tí mo bá ń yà. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ní ká dẹ́kun fífi ṣe àṣà: òjé náà lè bo ibi tí dókítà fẹ́ rí, kó di pé a tún yà á, ẹ̀rọ ìgbàlódé sì lè fi iná kún iná nítorí rẹ̀. Mo jà sí i fún oṣù díẹ̀. Ìwọ̀n ló ṣẹ́gun mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè nǹkan oṣù yẹn, kò sí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó gbà á lẹ́nu mi.

Obìnrin yẹn bí ọkùnrin. Èmi àti Ọ̀gá lọ jẹ ìkómọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ fún mi, mo ka ìka rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ń kà á.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún 17, wọ́n ní inú ń run ún, kí a ya inú. Ìyá náà dúró tì í, ó ń dá gbogbo ìbéèrè mi lóhùn kó tó yanu. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ sanwó lọ́dọ̀ káṣíà ná.” Ìyá náà lọ. Mo fa àga súnmọ́ ọmọ náà, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó ti tó oṣù méjì, sà.” Mo bi í ní ọjọ́ náà gan-an. Ó fi ìka kà á. Mo mú báírò, mo kọ ọjọ́ náà sí àyè tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, mo pa iná ẹ̀rọ, mo sì lọ pe dókítà.